Ọmọ Yọ Ìléròrò, Ìka Bàbá Ní Egbò, Adìyẹ Ní Kókó: Èwo Ni Mpox?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa là ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ti ń gbóná láti ọjọ́ mẹ́ta, nǹkan bí ìléròrò sì ti yọ sí i lójú, láyà àti lápá. Àwọn kan ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì ni. Aládùúgbò wa tó jẹ́ Háúsá ní karambau ni, orúkọ tí wọ́n ń pe ṣíkìnpọ́ọ̀sì lédè wọn. Àwọn míì ní mpox ni, èyí tí wọ́n ń pè ní monkeypox tẹ́lẹ̀, pé ká má gbé e jáde. Ìyá àgbà ilé ní ká tiẹ̀ má dárúkọ rẹ̀ rárá. Bàbá ọmọ ń ta àgbò àti ewúrẹ́ ní Dei-Dei. Egbò kan wà lórí ìka rẹ̀ tí kò tíì jinná láti ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn adìyẹ tí mo ń sìn náà ń yọ kókó lórí ogbe. Ṣé ohun kan náà ló ń ṣe gbogbo wa? Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n ní ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Àyẹ̀wò wo gan-an ló yẹ ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, Màmá. Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé àrùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló bá ilé yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó yọ lórí ogbe adìyẹ kò lè ran ọmọ yín. Ti ìka bàbá ọmọ lè wá láti ara ẹran tó ń tà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kì í sábà kúrò lára ẹni tó mú. Ti ọmọ ló nílò àyẹ̀wò kíákíá, ara egbò gan-an la sì ti ń mú ohun àyẹ̀wò yẹn, kì í ṣe nínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó bá ẹni tan. Ìdílé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní poxvirus gbòòrò. Ẹ̀ka orthopoxvirus ni ṣànpọ̀nná àtijọ́ wà, òun àti mpox, cowpox, àti camelpox tó ń mú ràkúnmí. Ẹ̀ka parapoxvirus ni orf wà, èyí tó ń mú àgùntàn àti ewúrẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀ka capripoxvirus ló ń yọ kókó sára màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, kì í sì í mú èèyàn. Avipoxvirus ni ti ẹyẹ. Molluscum náà wà nínú ìdílé yìí: kókó wẹ́wẹ́ tó ń dán, tó ní ihò kékeré láàárín, tó ń yọ sára ọmọdé láìsí ara gbígbóná. Ṣíkìnpọ́ọ̀sì kò sí níbẹ̀ rárá. Ìdílé herpes ló ti wá, varicella-zoster ni orúkọ fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á. Nítorí náà, àyẹ̀wò mpox kò lè rí ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ti ṣíkìnpọ́ọ̀sì kò sì lè rí mpox. Bí wọ́n bá ní ọmọ kò ní mpox, ìyẹn ò tíì sọ ohun tó ń ṣe é.

Ìyá àgbà tó ní ká má dárúkọ rẹ̀, ẹ bá mi kí wọn, ẹ sì fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Ṣànpọ̀nná ti kúrò láyé. Ìlú Merca ní Somalia ni ẹni ìkẹyìn tó mú un bó ṣe ń ràn láwùjọ wà, ní October 1977. Ní May 1980, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán. Ohun yòówù kó wà lára ọmọ yìí, kì í ṣe ṣànpọ̀nná. Fífi ọmọ pamọ́ sí yàrá láìjẹ́ kí oníṣègùn rí i ló ń ba nǹkan jẹ́ báyìí.

Mpox ńkọ́? Kì í ṣe àlejò ní Nàìjíríà. Ọdún 1971 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i níbí, wọ́n tún rí ẹnì kan ní 1978, lẹ́yìn náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di September 2017, nígbà tó yọ sí ọmọ ọdún 11 kan ní Bayelsa. Láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, èèyàn 122 ni wọ́n kà ní ìpínlẹ̀ 17, èèyàn 7 sì kú nínú wọn. Àwọn tí HIV ti gba agbára ara wọn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń le sí jù. Àwọn ọmọ kéékèèké àti aláboyún náà wà lára àwọn tó yẹ ká tètè dá sí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ló sọ àyẹ̀wò tó yẹ, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi dé ibẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ńlá ni. Lábẹ́ máíkírósíkópù alágbára ó rí bíi bíríkì. Ó ń gba ibi tí awọ ti họ wọlé, tàbí ẹnu, imú, ojú àti abẹ́. Ó kọ́kọ́ ń pọ̀ sí i níbi tó gbà wọlé, ó bọ́ sínú àwọn kókó tó ń bá àìsàn jà lọ́rùn, lábíyá tàbí nídìí itan, lẹ́yìn náà ó wọ ẹ̀jẹ̀. Láti inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń lọ sínú awọ. Gbogbo èyí lè gba ọjọ́ 3 sí 21 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìgbà tí egbò bá fi máa yọ, èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti ń tán lọ, inú awọ ló kó jọ sí. Ẹni tó bá gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ karùn-ún lè má rí nǹkan kan, nígbà tí ìléròrò kan ṣoṣo lápá rẹ̀ kún fún fáírọ́ọ̀sì dẹ́múdẹ́mú.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì awọ bá bẹ́, fáírọ́ọ̀sì tó jáde nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tó le, tó lè fara da gbígbẹ. Òun ló wà nínú èépá. Èépá tó bọ́ sórí ẹní, sínú aṣọ tàbí sínú eruku ilé lè ṣì ní fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má gbọn aṣọ ibùsùn ọmọ. Ẹ ká a sínú ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ rì í bọ omi gbígbóná àti ọṣẹ.

Ní ti ojú lásán, oníṣègùn tó mọṣẹ́ lè fura, kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìléròrò ṣíkìnpọ́ọ̀sì máa ń yọ sí àyà, ikùn, ẹ̀yìn àti orí ju ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ. Ó ń yún gan-an, awọ orí rẹ̀ tínrín, ó sì ń yára: èyí tó yọ láàárọ̀ lè ti ní omi nínú ní alẹ́, kó gbẹ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí èkíní ṣe ń gbẹ lòmíràn ń yọ, nítorí náà ẹ ó rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, èyí tó ní omi àti èyí tó ti gbẹ lójú kan náà. Ti mpox ń fẹsẹ̀ fà. Ó jinlẹ̀ sínú awọ, ó le lọ́wọ́ béèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó sábà máa ń jìn láàárín, ó sì máa ń dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó wà lójú kan náà máa ń jọ dàgbà. Ọyún lè wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 5 sí 7 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di èépá. Kókó ọrùn, abíyá tàbí ìdí itan tó wú, tó sì ń dun ọmọ, ni àmì tí mo kà sí jù nínú gbogbo wọn, torí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ nínú ṣíkìnpọ́ọ̀sì. Ẹ fi ìka méjì tẹ abẹ́ àgbọ̀n àti abíyá rẹ̀ wò lónìí, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ẹ sì wo inú ẹnu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n láti 2017, àwọn tó ń tọ́jú mpox ní Nàìjíríà ti rí aláìsàn tí egbò rẹ̀ kò tó márùn-ún, tàbí tó jẹ́ abẹ́ nìkan ló yọ sí, tàbí tí egbò rẹ̀ kò dàgbà pọ̀. Wọ́n tún ti rí ẹni tí mpox àti ṣíkìnpọ́ọ̀sì jọ wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ àyẹ̀wò, kí ẹ sì ní kí wọ́n ṣe ti méjèèjì látinú ohun kan náà tí wọ́n bá mú.

Nípa ibà àti táífọ́ọ̀dù tí wọ́n sọ: ibà lè wà lára ọmọ lóòótọ́, bí àyẹ̀wò bá sì ti fi hàn, kó lo oògùn ibà. Ṣùgbọ́n Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ara gbígbóná ní táífọ́ọ̀dù kò tó ẹ̀rí lórí ara rẹ̀, kò sì sí èyí nínú méjèèjì tó ń yọ ìléròrò báyìí.

Ẹ pe nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC, àjọ ìjọba tó ń kápá àrùn ní Nàìjíríà, 6232, tàbí kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ yín kí wọ́n bá yín pe òṣìṣẹ́ tó ń tọpinpin àrùn ní Bwari Area Council. DSNO ni wọ́n ń pè é. Kí ẹ tó dé ọ̀hún, ẹ sọ fún wọn lórí fóònù pé ọmọ tó ní ìléròrò ni, kí wọ́n má baà jẹ́ kó jókòó sáàárín àwọn aláboyún àti ọmọ ọwọ́.

Bí wọ́n bá dé láti mú ohun àyẹ̀wò, ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ máa wò. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, ìbomú àti ohun ìdáàbòbò ojú. Wọ́n á yan egbò méjì tàbí mẹ́ta láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára: bí ọ̀kan bá wà lójú, kí èkejì wà lápá tàbí lẹ́sẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní swab ni wọ́n ń lò, orí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ polyester tàbí nylon. Olówùú lásán kò dára. Wọn kò gbọdọ̀ fi sípíríìtì nu egbò tẹ́lẹ̀, torí ó lè pa ohun tí a ń wá. Kí wọ́n má fi abẹ tàbí abẹ́rẹ́ bẹ́ ẹ: kò pọn dandan, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló sì ń gún òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Kí wọ́n fi swab ra egbò náà dáadáa, kí wọ́n máa yí i, kó jọ pé wọ́n fẹ́ gé orí rẹ̀ kúrò. Ọmọ á ké díẹ̀. Swab tí wọ́n kàn fi tọ́ ọ wẹ́rẹ́ nítorí àánú ọmọ ló sábà ń mú èsì tí kò ní láárí wá. Bí èépá bá ti wà, kí wọ́n ṣí ọ̀kan tàbí méjì sínú ìgò tirẹ̀, torí ó dára púpọ̀ fún àyẹ̀wò.

Swab kọ̀ọ̀kan á wọ ìgò tirẹ̀. Orúkọ ọmọ, ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti mú un lára gbọ́dọ̀ wà lára ìgò. Ó yẹ kó wọ ibi tútù, 2 sí 8 °C, láàárín wákàtí kan. Ní Àbújá yìí, nínú oṣù March àti April, inú ọkọ̀ tó dúró sóòrùn gbóná ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Kúlà tí yìnyín rẹ̀ ti yọ́ kì í ṣe ibi tútù. Bí àyẹ̀wò bá máa pẹ́ ju ọjọ́ 7 lọ, inú firísà ni, −20 °C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní tiyín ni pé yàrá àyẹ̀wò àpapọ̀ NCDC wà ní Gaduwa, kò jìnnà sí yín. Ẹni tó wà ní Sokoto tàbí Maiduguri ni ọ̀nà jíjìn lè ba nǹkan rẹ̀ jẹ́.

Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á yọ DNA, ìyẹn èròjà àbùdá tí a fi ń dá ohun alààyè kọ̀ọ̀kan mọ̀, jáde, wọ́n á sì ṣe PCR, ìyẹn ni kí ẹ̀rọ máa sọ DNA fáírọ́ọ̀sì di ìlọ́po méjì léraléra títí tó fi máa pọ̀ tó láti rí. Iye ìgbà tó yí kí ó tó hàn ni wọ́n ń pè ní Ct. Bí Ct bá kéré, bíi 20, fáírọ́ọ̀sì pọ̀ nínú swab. Bó bá ga tó 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì kéré, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan díẹ̀ ló ta sí i láti inú ìgò ẹlòmíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe, pàápàá bí ara aláìsàn kò bá jọ ti mpox. Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n bí èsì bá ní kò sí mpox: ṣé DNA ènìyàn hàn nínú swab náà? Yàrá àyẹ̀wò tó péye máa ń wá DNA ènìyàn, apá kan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní RNase P ni wọ́n sábà ń wò. Bí kò bá hàn, swab yẹn kò kan ara ọmọ dáadáa, èsì rẹ̀ kì í ṣe "kò sí", àfi kí wọ́n tún òmíràn mú. Ẹ má gba àyẹ̀wò èròjà ajàmọ́àrùn inú ẹ̀jẹ̀ dípò rẹ̀. Àwọn orthopoxvirus jọra débi pé àgbàlagbà tó gba abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná nígbà èwe lè mú kí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ tọ́ka sí mpox tí kò sí.

Ó yá, ìka bàbá ọmọ. Ẹ bi í bóyá ó fọwọ́ kan ẹnu ẹran tó ní egbò tàbí èépá létè, bóyá ó ya ẹnu ọmọ ẹran láti fún un lóògùn. Orf ló ṣeé ṣe jù. Ọjọ́ 3 sí 7 lẹ́yìn tí ẹran bá ran èèyàn ni kókó pupa kan yọ lórí ìka. Láìpẹ́ àárín rẹ̀ á pupa, òrùka funfun á yí i ká, pupa mìíràn á yí ìyẹn ká. Lẹ́yìn náà á máa sun omi, á di èépá, á sì jinná fúnra rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni là á bí eéwo, torí kò sí ọyún tó fẹ́ jáde níbẹ̀. Àpá àti kòkòrò mìíràn nìkan ni lílà ń fi kún un. Kó fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi àti ọṣẹ, kó fi aṣọ egbò tó mọ́ bò ó, kó wọ ìbọ̀wọ́ bó bá fẹ́ di ẹran mú, kó má sì fi ọwọ́ yẹn wẹ ọmọ. Àyẹ̀wò mpox kò lè rí orf, ẹ̀ka mìíràn ni. PCR ti parapoxvirus ni wọ́n ń ṣe fún un.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣeré níbẹ̀. Bí egbò náà kò bá dùn ún, tí àárín rẹ̀ dúdú kirikiri, tí ọwọ́ sì wú yí i ká ju bó ṣe yẹ lọ, kó lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kó sì sọ fún dókítà pé ẹran lòun ń tà. Anthrax lè rí bẹ́ẹ̀. Ní July 2023 ni wọ́n rí anthrax nínú ẹran oko kan ní Suleja, ẹ̀gbẹ́ yín níbẹ̀. Bakitéríà ni, oògùn agbógunti-kòkòrò ń wò ó bí a bá tètè dé, kì í sì í jinná lọ́fẹ̀ẹ́ bíi orf. Bí ẹran bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde nímú tàbí nídìí rẹ̀, kò gbọdọ̀ dú u, kò gbọdọ̀ ta á.

Ti adìyẹ kò gùn. Fowlpox ni. Ẹ̀fọn ń gbé e kiri, adìyẹ sì ń kó o ran ara wọn níbi tí wọ́n bá ti ń ṣá ara wọn. Kókó orí ogbe máa ń di èépá, á sì bọ́. Èyí tó wọ ọ̀fun, tó ń fi nǹkan pupa rúsúrúsú bo ibẹ̀, tó ń jẹ́ kí adìyẹ máa yanu mí, ló ń pa á. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ẹ ya àwọn tó ti mú sọ́tọ̀, ẹ da omi tó dúró yí àgọ́ ká nù, kí ẹ sì ní kí onímọ̀ ìlera ẹran fún àwọn tó kù ní àjẹsára. Ní Vom, ìpínlẹ̀ Plateau, ni NVRI, ilé ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀, ti ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi ń gún awọ abẹ́ ìyẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ẹ ṣí ìyẹ́ wò: kókó kékeré tàbí èépá gbọ́dọ̀ wà níbi tí wọ́n gún. Bí kò bá sí lára ọ̀pọ̀ wọn, àjẹsára náà ti kú kó tó dé ọwọ́ yín, ó sábà jẹ́ pé kò sí nínú ibi tútù.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró de èsì, ẹ fún ọmọ ní yàrá tirẹ̀, kí ẹnì kan ṣoṣo máa tọ́jú rẹ̀, kí ẹni náà má jẹ́ aláboyún. Ẹ gé èékánná rẹ̀ kúrú. Omi, ẹ̀kọ gbígbóná, ọbẹ̀ tí kò ta. Fún ara gbígbóná, paracetamol nìkan: ọmọ tó wọn kílò 20 lè mu 250 mg, ìyẹn mílílítà 10 nínú èyí tí wọ́n kọ 125 mg sí mílílítà 5 sí lára, wákàtí 6 síra, kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́. Ẹ má fún un ní aspirin rárá. Nínú ọmọ tó ní ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ó lè ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ yẹra fún ibuprofen náà. Acyclovir ń ṣiṣẹ́ fún ṣíkìnpọ́ọ̀sì, kò kan mpox. Oògùn tecovirimat tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọkàn sí kò mú kí egbò mpox tètè jinná nígbà tí wọ́n fi wéra pẹ̀lú oògùn òfo ní Congo. Ìtọ́jú tó péye ló gba èèyàn là níbẹ̀. Fún ilẹ̀ àti ìlẹ̀kùn, ẹ da ife kan bíríìṣì 3.5% sínú ife omi 6, ẹ pò ó tuntun lójoojúmọ́, ẹ má fi nǹkan ìfọlẹ̀ mìíràn kún un.

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de èsì bí ojú rẹ̀ bá pupa tàbí tí egbò wà nínú rẹ̀, bí mímí bá nira fún un, bó bá ń sùn jù tí kò dáhùn dáadáa, bí kò bá lè mu omi, tàbí bí awọ yí egbò kan ká bá ń wú, tó ń gbóná, tó sì ń dùn ún sí i.

Bó bá jẹ́ ṣíkìnpọ́ọ̀sì, ó lè padà sílé ìwé nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ di èépá, ó sábà jẹ́ bí ọjọ́ 5 sí 7 lẹ́yìn tó yọ. Bó bá jẹ́ mpox, gbígbẹ nìkan kò tó: gbogbo èépá gbọ́dọ̀ ti bọ́, awọ tuntun sì gbọ́dọ̀ ti bo abẹ́ wọn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Àwọn tó ti fara kàn án á máa ṣọ́ ara wọn fún ọjọ́ 21, kí ẹ sì bi DSNO bóyá wọ́n lè fún wọn ní àjẹsára. Àpá BCG tó wà lápá àwọn ọmọ yín kò dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ mpox. Ti ikọ́ ẹ̀gbẹ ni.